Ọjọ́ Tí Bàbá Pé Àádọ́rin Lẹ́ẹ̀kejì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ àgbàlagbà di ọmọdé láìlo oògùn, kó yà sí ilé Olúrótìmí Akínwùmí ní Fairwood, ní Maryland. Ilé ńlá ni, a ò ní bá wọn du ìyẹn. Gáréèjì rẹ̀ ń gba mọ́tò méjì, yàrá ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé èèyàn lè bínú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan láìpàdé ẹni tó bí i nínú. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí à ń wí yìí, Rótìmí ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, fáìlì kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, ó ń lọ bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè òwúrọ̀. Ó ti ń bi í bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, bí ẹni ń fún èèyàn ní oògùn ibà.

"Dádì, ọdún wo la bí yín?"

Bàbá ti wẹ̀, ó ti pa ìpara, ó ti wọ agbádá funfun, ó jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín sí kéèkì kan. Stephanie, ọmọbìnrin Rótìmí tí kò tíì parí ilé ìwé girama, ló yan kéèkì náà fúnra rẹ̀. Ó fi àbẹ́là méjì sórí rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ mẹ́jọ, èkejì jẹ́ òdo.

"Ṣebí a kọ́kọ́ máa ń kí ara wa káàárọ̀ ni," ni Bàbá wí. "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá."

Rótìmí rí mẹ́jọ orí kéèkì. Ó gbé fáìlì sórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó ní kí Stephanie lọ múra ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà ní òun ti múra. Rótìmí ní kó lọ tún múra.

Kì í ṣe pé Rótìmí burú. Ó ti gba ìwé ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, ó sì ti kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n fún bàbá òun ní káàdì ìgbélùú, green card. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Forestville, gbogbo ẹni tó tó ẹni ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé òbí dé, wọ́n á mú un jáde níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, ìjọ á pàtẹ́wọ́, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé wọ́n á sì fi bàbá oníbàbá sílẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á gba ibi iṣẹ́ lọ. Rótìmí kò fẹ́ kí wọ́n yọ òun sílẹ̀ nínú ìpàtẹ́wọ́ yìí. Ọ̀la sì ni ìntàfíù Bàbá fún káàdì náà, ní ọ́fíìsì ìjọba ní Baltimore.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ti ọjọ́ orí. Ọdún 1945 ni wọ́n bí Bàbá, òní gan-an ló sì pé ọgọ́rin ọdún láyé. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì Ìbàdàn, ó gé ọdún mẹ́wàá kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ kí wọ́n má bàa tètè fẹ̀yìn rẹ̀ tì. Ta ni kò gé e nígbà náà? Ẹni tí kò gé tirẹ̀, kò mọ akọ̀wé kankan ni. Pásípọ́ọ̀tù wá tẹ̀lé ìwé Sẹkitéríàtì, ìwé ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀lé pásípọ́ọ̀tù. Gẹ́gẹ́ bí fáìlì tó wà lórí tábìlì ṣe wí, ọdún 1955 ni wọ́n bí ọkùnrin yìí, àádọ́rin ọdún ló sì pé lónìí.

"Dádì, ta ló ní kí Stephanie fi mẹ́jọ síbẹ̀?"

"Ìyá mi ni, lọ́jọ́ tó bí mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣeré. Lọ́la là ń lọ Baltimore."

"Ṣé mo ní kí wọ́n di kéèkì náà fún mi láti gbé lọ Baltimore ni?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wo Facebook. Wùnmí sọ fún mi pé wọ́n ń wo Facebook, wọ́n sì ń béèrè ọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì." Wùnmí ni aládùúgbò wọn tó ń gbé òdìkejì títì. Ohun gbogbo ni Wùnmí ti gbọ́ rí, kò sì sí èyí tó gbé mì.

Bàbá ní, "Ó dáa. Tí Wùnmí bá wí bẹ́ẹ̀, ìjọba ti wí nìyẹn."

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí Rótìmí. "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gé e. Èmi kọ́ ni mo gé ọdún yín kù."

"Èmi ni. Mi ò sẹ́. Ìjọba ni mo purọ́ fún, mi ò purọ́ fún ará àdúgbò. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Sẹkitéríàtì, ọdún ìwé ń gbé nínú fáìlì, ọdún tèmi ń gbé nílé, wọn kì í fojú kan ara wọn. Ìwọ lo mú ọdún ìwé wọlé wá, tó o gbé àga fún un pé kó jókòó, kó bá wa jẹun."

Rótìmí yọ mẹ́jọ kúrò lórí kéèkì, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ ṣíbí, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó jáde. Nígbà tó máa padà dé, ọ̀rá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ló sì wà nínú ọ̀rá náà. Ìyàwó rẹ̀, Àrínọlá, tó ń gún ata fún oúnjẹ àlejò, yọjú wo inú rẹ̀.

"Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń bẹ̀ ọ́ kó o ra búrẹ́dì wálé," ni Àrínọlá wí. "O ò ráàyè. O wá ráàyè ra méje."

Rótìmí gún méje náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ òdo. Ó dúró sẹ́yìn wò ó. Ó ṣe kedere, àádọ́rin pọ́nbélé, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó lè rí wíwí sí kéèkì yẹn. Bàbá dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa lọ sílé Ọlọ́run, bóyá wọn kò tíì gé ọdún tibẹ̀.

Wọ́n ti gé tibẹ̀. Rótìmí ló gé e.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣe é. Alàgbà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì náà tó ń jẹ́ Déolú, District Heights ló ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, ojúlówó ni tirẹ̀, kò gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Òun àti Bàbá ló jọ wà ní ilé ìwé girama ní Ọ̀yọ́ nígbà èwe wọn. Bàbá wà ní kíláàsì òkè, Déolú ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, òun ló ń pọn omi ìwẹ̀ fún Bàbá, òun ló ń fọ abọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ba Rótìmí pé bí Déolú bá kí Bàbá ní "Síníọ̀ Akín" lójú ìjọ, tí ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹni tó ní òye á béèrè bí ọmọ mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ àádọ́rin. Ó gbé ẹran ewúrẹ́ lọ sílé Déolú. Ó bẹ̀ ẹ́ pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, títí wọ́n á fi gba káàdì, kí ẹ máa ṣe bí ẹ̀gbọ́n Dádì mi.

Déolú rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní òun gbọ́. Ó gbọ́ jù.

Bí wọ́n ṣe ń wọ inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, Déolú ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá àwọn èèyàn bọwọ́.

"Akín," ló wí, tó na ọwọ́ sí Bàbá. "O ti dé. Lọ bá mi mú ọ̀pá mi wá nínú mọ́tò, ó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn."

Àwọn tó wà nítòsí kò fura. Ẹ̀gbọ́n ń rán àbúrò níṣẹ́, kí ló wà níbẹ̀? Bàbá wo Déolú, ó wo Rótìmí. Rótìmí ń wo àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé ó ní nǹkan tó sọ nù síbẹ̀. Bàbá ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó lọ mú ọ̀pá náà wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á lé Déolú lọ́wọ́. Ọkàn Rótìmí balẹ̀. Àní ó balẹ̀. Ó sọ fún Àrínọlá bí wọ́n ṣe ń jókòó pé ètò náà ń lọ dáadáa, Àrínọlá sì ṣí ìwé orin.

Nígbà tó yá, òjíṣẹ́ Ọlọ́run pe àwọn bàbá àti ìyá tó ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin sókè pé kí wọ́n jáde wá gba àdúrà. Déolú dìde, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ bí ọba. Bàbá náà ti gbé ìdí kúrò lórí àga díẹ̀, ara ló gbé e, kì í ṣe ọpọlọ. Ni Rótìmí bá gbé ọwọ́ lé e ní orúnkún. Kò tì í, ọwọ́ lásán ló gbé lé e. Bàbá wo ọwọ́ náà pẹ́, bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò, lẹ́yìn náà ó jókòó padà.

Mo ní kí ẹ rò ó wò. Bàbá yìí fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé tó máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́ sílẹ̀, ibi táwọn èèyàn ti ń kọjá tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí i lọ́tùn-ún lósì. Ohun kan ṣoṣo tó gbé wá sí Maryland tí wọn kò gbé lé òṣùwọ̀n ní pápá ọkọ̀ òfurufú ni ọjọ́ orí rẹ̀. Òun náà ni ọmọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní òun ń ràn án lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, àlejò dé sílé. Wọn kò pọ̀. Déolú wá, Wùnmí kọjá títì wá, tọkọtaya méjì láti inú ẹgbẹ́ akọrin náà wà níbẹ̀. Àrínọlá ti se ìrẹsì, ó ti gún iyán, ó ti se adìyẹ ìbílẹ̀ méjì tó lọ wá kiri kó tó rí wọn. Déolú kò wo ọ̀tún wo òsì, ó lọ jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú tí Bàbá máa ń jókòó sí. Wọ́n gbé àga tábìlì kan fún Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Dádì ò gbó rárá," ni Wùnmí ń wí, ó ń wo kéèkì. "Àádọ́rin péré. Ẹ̀yin àti ọmọ yín ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ṣe ẹgbẹ́ ni. Bọ̀dá Rótìmí, ọdún mélòó ni wọ́n fi jù yín lọ gan-an?"

"Ẹ bu ẹran sí i," ni Rótìmí wí.

"Mo kàn ń bi yín ni o. Bàbá tèmi wà ní méjìdínlọ́gọ́rin, kò lè rìn dé ẹnu géètì. Káàdì rẹ̀ ti jáde láti ọjọ́ yìí. Ó ní òun fẹ́ padà sílé. Mo ní ṣé káàdì náà ló fẹ́ kí n máa wò ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí Wùnmí bá òun kí bàbá rẹ̀ dáadáa.

Oúnjẹ wá dé ibi tí ojú ti ń pọ́nni. Ní ilé ọmọlúàbí, àgbà ló ń jẹ iwe adìyẹ. Àrínọlá bu ọbẹ̀, ó fi iwe kan sínú abọ́ Bàbá gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó ti ń gbé e bọ̀. Rótìmí yọjú sí i láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó ṣẹ́jú sí i, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí Déolú. Àrínọlá dúró lágbede méjì yàrá pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó gbé abọ́ náà síwájú Déolú, ó yí padà, ó wọ ilé ìdáná lọ, a sì gbọ́ tí omi ẹ̀rọ ń dà láìsí abọ́ tí ẹnikẹ́ni ń fọ̀.

Déolú ju iwe sẹ́nu. Ó ń rún un díẹ̀díẹ̀. Adùn rẹ̀ ló gùn ún, àbí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti Ọ̀yọ́ ni, a ò mọ̀.

"Akín," ló wí, "lọ bu omi wá fún mi."

Bàbá dìde. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ó gbé e wá. Ó gbé e sórí tábìlì kékeré tó wà níwájú Déolú, ó ṣí fìlà kúrò lórí, ó fi í sínú àpò. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi orúnkún kan ilẹ̀, ó wá na ara rẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú agbádá funfun náà, àyà kan ilẹ̀, iwájú orí kan ilẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, bọ̀dá mi," ni Bàbá wí. "Ẹ kú ìgbádùn iwe."

Ẹ̀yin tí wọ́n bí nílé, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé lásán. Bó bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ, ó ti gbé ohun tó wúwo lé ọ lórí nìyẹn. Iwe há Déolú lọ́fun. Ó gbé e mì tipátipá, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà yọ̀ bọ́ láti orí àga, ó dojú bolẹ̀ ní òdìkejì tábìlì.

"Síníọ̀ Akín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ má gé ẹ̀mí mi kúrú. Eré ni mò ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọmọ."

Bàbá kò mira. "Kí lẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún, bọ̀dá? Ipò mi ni mo wà. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ bi ẹni tó mú mi wá. Rótìmí, ọmọ ọdún mélòó ni mí?"

Gbogbo ojú yí sí Rótìmí. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ. Ó wo bàbá rẹ̀ nílẹ̀, àtàrí rẹ̀ tó ti pá, ọrùn rẹ̀ tó ti tín-ín-rín. Ó wo Wùnmí, tí ẹnu rẹ̀ ti là sílẹ̀, tí fóònù rẹ̀ wà lórí itan. Ó rántí Baltimore. Ó rántí gbogbo ohun tó ti ná, ó rántí ìpàtẹ́wọ́.

"Àádọ́rin, Dádì," ni Rótìmí wí.

Nínú ilé ìdáná, omi ẹ̀rọ dákẹ́.

"Ẹ gbọ́," ni Bàbá wí sínú kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ ṣúre fún mi, bọ̀dá, kí n lè dìde."

"Irọ́ ni o," ni Déolú ké. "Ọgọ́rin ni. Ọgọ́rin ló pé lónìí. Èmi ni mò ń pọn omi ìwẹ̀ fún wọn ní Ọ̀yọ́. Ọmọ wọn yìí ló gbé ẹran ewúrẹ́ wá sílé mi, tó ní kí n máa ṣe ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbà mí."

Tọkọtaya akọrin méjèèjì ń wo ìrẹsì wọn. Stephanie, tí kò gbọ́ ju ìdajì ọ̀rọ̀ náà lọ, sáré wá, ó kúnlẹ̀ ti bàbá bàbá rẹ̀.

"Gránpà, ẹ ṣubú?" ló fi Yorùbá rẹ̀ díẹ̀ béèrè.

"Rárá, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Wọ́n tì mí ni."

Ọmọ náà na ọwọ́ sí i, ọwọ́ yẹn ni Bàbá dì mú tó fi dìde. Ó pẹ́ kó tó dúró tán. Àrínọlá ti jáde wá, ó ti ṣí dúrọ́ọ̀ ṣíbí, mẹ́jọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi mẹ́jọ fún Bàbá. Bàbá yọ méje kúrò lórí kéèkì, ó fi mẹ́jọ gún ibẹ̀, ó ní kí Stephanie tan iná sí i. Ó fẹ́ ẹ pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wá mú méje, ó lọ fi sí àtẹ́lẹwọ́ Rótìmí, ó pa ọwọ́ rẹ̀ dé fún un bí ẹni ń fún ọmọdé ní owó ìpápánu.

"Tìẹ rèé. Ẹni àádọ́rin tó o kọ̀wé pè wá yẹn, ìwọ ni kó o mú un lọ Baltimore lọ́la. Èmi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ó bọ́ sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Àwọn àlejò kò tún jókòó pẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé oúnjẹ. Wọ́n di tiwọn sínú ike, wọ́n gé kéèkì mọ́ ọn. Déolú jáde láìmú ọ̀pá, a wá rí i pé ó lè rìn dáadáa. Wùnmí ló kẹ́yìn. Ó fọwọ́ kan Rótìmí léjìká.

"Bọ̀dá Rótìmí, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Àwa ò rí nǹkan kan o." Kó tó kọjá títì dé ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀, fóònù ti wà létí rẹ̀.

Ó ku Rótìmí nìkan ní pálọ̀. Àrínọlá ń palẹ̀ mọ́ nílé ìdáná, kò wo ibi tó wà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Wọn kò sọ fún wa pé ilé irọ́ ni òtítọ́ máa bá a, nígbà tí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́.

Rótìmí mú fáìlì rẹ̀, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ bí síìpù àpótí ìrìnàjò ṣe ń lọ láti igun kan dé igun kejì. Ó kanlẹ̀kùn. Ó gbìyànjú láti ronú ohun tí ọmọ ń sọ fún bàbá ní irú ìgbà báyìí, ohun kan ṣoṣo tó sì wá sí i lẹ́nu ni èyí tó ti mọ́ ọn lára.

"Dádì," ló rọra wí, "ọdún wo la bí yín?"

Síìpù dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Lọ bi Déolú," ni Bàbá dáhùn látinú yàrá. "Òun ni ẹ̀gbọ́n mi."